Kẹ̀kẹ́, Àwòrán Ilẹ̀ àti Ààlà ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Àlejò tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní Òṣogbo, tí ó gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, yóò kan Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, yóò kan Ìlobùú, yóò sì bọ́ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ilé ti kan ilé débi pé yóò ṣòro fún un láti mọ ibi tí ìlú kan parí sí àti ibi tí èkejì gbé bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Olóbùú ni ọba Ìlobùú, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Olúfọ́n ni ọba Ìfọ́n, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrolú.

Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ wolé-wolé, òun ni ẹsẹ̀ tíṣà àti ti ẹni tí ń ra èso oko. Láti ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo, ẹrù abúlé ń wá ọ̀nà dé ibùdókọ̀ náà. Lónìí, alùpùpù ti gba iṣẹ́ yìí mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan kù tí kẹ̀kẹ́ ń ṣe dáradára, èyí ni wíwọn ọ̀nà.

Wíwọ̀n náà kò le. Kí a fi ẹfun sàmì sí taya iwájú níbi tí ó ti kan ilẹ̀, kí a sì sàmì sí ilẹ̀ pẹ̀lú. Kí a ti kẹ̀kẹ́ lọ tààrà títí àmì ara taya yóò fi tún kan ilẹ̀, kí a wá wọn àárín ibi méjèèjì. Lórí kẹ̀kẹ́ ńlá irú èyí tí àwọn àgbà ń gùn, ó máa ń tó mítà 2 àti sẹ̀ntímítà 20. Nítorí náà, bí taya bá yí ní ìgbà 455, ọ̀nà náà tó kìlómítà 1. Ẹni méjì ni iṣẹ́ yìí yẹ. Kí ọ̀kan máa ti kẹ̀kẹ́. Kí èkejì máa kà, kí ó máa fi òkúta wẹ́wẹ́ kan sí àpò ní ìgbà ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí iye má bàa dàrú mọ́ ọn lójú.

Àwòrán ilẹ̀ ni ìwé tí a ń kọ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sí. Lórí èyí tí a ya ní ìdá kan nínú 50,000, sẹ̀ntímítà 2 dúró fún kìlómítà 1. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà oko ti jìn tó, kí ó tẹ́ òwú lé gbogbo kọ́lọ́kọ̀lọ rẹ̀ lórí ìwé, kí ó sì wọn òwú náà. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 7, kìlómítà 3 àti ààbọ̀ ni. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú 42. Ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ sá kìlómítà 15 ní wákàtí kan yóò lo ìṣẹ́jú 14.

Ní ọdún 2004, Steve Coast ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá OpenStreetMap sílẹ̀, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù rẹ̀ kún. Ọ̀nà tí ènìyàn bá gùn ún kọjá, afárá, kànga, ilé ìwòsàn àti odò bí Erinlẹ̀, tí ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun, gbogbo wọn ni a lè fi síbẹ̀. Ànfàní rẹ̀ hàn ní ọdún 2014. Nígbà tí àrùn Ebola bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone, àwọn olùyọ̀ǹda káàkiri ayé ya àwọn abúlé ibẹ̀ sórí àwòrán náà, kí àwọn oníṣègùn lè mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ aláìsàn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe. Kò lè sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ìlà tí ó pín Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òrolú ń fi ibi tí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dé hàn. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀ fún ẹbí tàbí fún ìlú kankan. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ láàárín Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí, ó ba ilé jẹ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ojú ọ̀nà tí ará ìlú méjèèjì jọ ń gbà lọ sí ọjà di ohun ìbẹ̀rù.

Ẹni tí ó bá ní ẹjọ́ ilẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni kí ó tọ̀. Awọnlẹ̀ tí ó ní àṣẹ ni yóò wọ̀n ọ́n, àwọn àgbà yóò jẹ́rìí sí pèrègún àti àmì àtijọ́, ìgbìmọ̀ ààlà tàbí ilé ẹjọ́ yóò sì dájọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹnikẹ́ni hú òkúta ààlà tí awọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kí ó wọn ọ̀nà dé ilé ìwòsàn àti dé odò, kí ó kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan bí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ti ń pè é, kí ó sì yẹra fún fífa ìlà ààlà. Ará Ìlobùú yóò lo ọ̀nà tí ó wọ̀n, ará Ìfọ́n náà yóò lò ó.