Ẹ̀tọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ: Bí Ìwé Òfin Ṣe Wọ Inú Ilé Wa

Nígbà tí a bá dárúkọ ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn ẹni, oníwèé ìròyìn àti olóṣèlú ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀tọ́ náà kan ẹni tí kò kọ ìwé ìròyìn rí: ìyá tí ó ń tajà, akọ̀wé ọ́fíìsì, àti baba tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí ó ń gbọ́ rédíò.

Abala 39 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, tí ó bá abala 36 ti 1979 dọ́gba lọ́nà púpọ̀, fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròyìn àti ìmọ̀, àti láti fi í fún ẹlòmíràn láìsí ìdíwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, "gba". Etí ní ẹ̀tọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹnu ti ní in. Bí a bá pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́, àwọn tí ìbá gbọ́ ọ pẹ̀lú ni a fi ẹ̀tọ́ wọn dù.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ irú òmìnira yìí. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, nínú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, òṣèré a máa kọrin bú ọlọ́lá tí ó ṣìwà hù, kò sì sí ẹni tí yóò mú un. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, ohun tí a kì í sọ lójú àgbà a di sísọ ní gbangba. (N kò ní tún un sọ níhìn-ín, nítorí àwọn ọmọdé wà láàárín wa.) Ṣùgbọ́n ọjọ́ àti agọ̀ ni ó ni òmìnira yẹn; bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí òṣèré bọ́ agọ̀, yóò tún máa ṣọ́ ẹnu. Ohun tí ìwé òfin fi kún un ni pé ó fi òmìnira náà lé ènìyàn lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ní 1984, ìjọba ológun gbé Òfin Kẹrin jáde, èyí tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti tẹ ìròyìn tí ó lè fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ẹlẹ́yà tàbí tí ó lè bà á lórúkọ jẹ́. A dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian nítorí ìròyìn nípa àwọn tí a fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú ní òkèèrè. Ilé iṣẹ́ wọn sì jẹ owó ìtanràn ₦50,000. Ní 1985 a fagi lé òfin náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń mú. Ẹni tí ó wọkọ̀ èrò kò mọ ẹni tí ó jókòó tì í. Olùkọ́ a fo orí kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ a sọ fún ọ̀rẹ́ pé kí àwọn fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọlọ́pàá kò wọlé rárá. Ẹ̀rù ti bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, ti 2015, tún sún mọ́ ilé ju ti àwọn ológun lọ. Abala 24 rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ láti mú ẹlòmíràn bínú tàbí láti dà á láàmú. Ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí mílíọ̀nù méje náírà. Bí aládùúgbò méjì bá jà nítorí gọ́tà, tí ọ̀kan kọ ìbínú rẹ̀ sórí fóònù, ìjà ẹ̀yìnkùlé lè di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Ẹyin lohùn, mo gbà; ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ sì lè pe ẹjọ́ kí a san owó fún un. Ìyẹn yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ECOWAS dá abala náà lẹ́bi ní 2020, a sì dín agbára rẹ̀ kù ní 2024.

Ó ku ọ̀rọ̀ etí tí mo fi sílẹ̀ lókè. Abala 55 gba Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ láyè láti lo Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí a bá ti ṣe ètò tí ó yẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣì ń lò. Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Yorùbá ṣe ìjókòó, àti lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, baba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò nílò ọmọ rẹ̀ láti túmọ̀ ohun tí aṣojú tí ó dìbò fún ń sọ.