ÌPÍN ÌKỌ̀KỌ̀ NÍNÚ IṢẸ́ ÀGBÀṢE ÌJỌBA: ÀPẸẸRẸ ÌPÍNLẸ̀ MARYLAND

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí èrú ṣe ń wọ inú iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, àti ìdí tí ó fi ṣòro láti rí i nígbà tí ó bá ti wọlé tán. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí: afárá tí ó wó, tàbí owó iṣẹ́ tí a bù lé kọjá ààlà. Lóòótọ́ ni àwọn méjèèjì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé wọn kì í ṣe gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ọ̀nà lè dára, kí afárá dúró ṣinṣin, kí iye owó má sì jọ ẹni tí ń wò ó láti òkèèrè lójú, síbẹ̀ kí a ti ja ìlú lólè.

Àpẹẹrẹ tí a yàn ni ti ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lábẹ́ Spiro T. Agnew, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba káúńtì Baltimore láti ọdún 1962, tí ó di Gómìnà ní 1967, tí ó sì di Igbákejì Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1969. Ìdí mẹ́ta ni a fi yàn án. Èkíní, ẹjọ́ náà ti parí pátápátá, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sì tẹ́ àlàyé ẹ̀rí tí ó tó ojú-ìwé 40 síwájú ilé-ẹjọ́, tí ó fi jẹ́ pé a lè tọ ipasẹ̀ owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì, ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà ni Òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979 ti wo àwòkọ́ṣe gómìnà tí agbára àṣẹ wà lọ́wọ́ òun nìkan. Ẹni tí ó bá ra ẹṣin lọ́jà, ó yẹ kí ó bèèrè àìsàn tí ń ṣe irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nílé ẹni tí ó tà á. Ẹ̀kẹta, àpẹẹrẹ yìí tú èrò kan ká, èyí tí ó sọ pé òṣì tàbí àìmọ̀wé ni ó ń bí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Kò sí òtòṣì kan nínú àwọn tí a ó dárúkọ níhìn-ín, kò sì sí púrúǹtù.

2.0 Àlàyé lórí ọ̀rọ̀

Yorùbá ní ju orúkọ kan lọ fún owó èrú. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni èyí tí a fi ń bẹ ènìyàn kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú rẹ̀; orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni ó sọ àkókò tí owó ń kọjá. Rìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Ẹ̀gúnjẹ ni a sábà máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan ọ́fíìsì ìjọba. Nínú iṣẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ni a ó fi ẹ̀gúnjẹ pè: owó tí agbaṣẹ́ṣe ń yọ nínú owó iṣẹ́ tí ìjọba san fún un, tí ó sì ń dá padà ní ìkọ̀kọ̀ fún ẹni tí ó fún un ní iṣẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lè fi ọwọ́ sí àpò ara rẹ̀. Ẹni tí ó san ẹ̀gúnjẹ, àpò ìlú ni ó fi ọwọ́ sí. Bí a bá wò ó dáadáa, ìjọba gan-an ni ó san owó náà fún ẹni tí ń jẹ ẹ́. Agbaṣẹ́ṣe kàn jẹ́ ojú ọ̀nà tí owó gbà kọjá ni.

3.0 Ibi tí àlàfo wà

Iṣẹ́ àgbàṣe tí ó jẹ mọ́ ọ̀nà àti afárá pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni iṣẹ́ kíkọ́ gan-an. Ìkejì ni iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà tí ń ya àwòrán iṣẹ́, tí ń wọn ilẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ojú fún ìjọba lórí ẹni tí ń kọ́ ọ. Fún irú iṣẹ́ kìn-ín-ní, àṣà ni pé kí àwọn agbaṣẹ́ṣe dá iye owó wọn, kí wọ́n fi díje, kí a sì fún ẹni tí iye rẹ̀ kéré jù tí ó sì kún ojú òṣùwọ̀n. Fún irú kejì, kò rí bẹ́ẹ̀ ní Maryland nígbà náà. Òfin ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà fúnra wọn lòdì sí pé kí wọ́n máa fi iye owó díje. Ìgbà tí ó di 1978 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà sọ pé irú òfin ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá òfin ìlú mu.

Ìdí tí àwọn ẹnjiníà ń tọ́ka sí kì í ṣe ìdí burúkú. Wọ́n ní bí a bá ń wá ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láti ṣírò afárá, a lè rí afárá tí yóò pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀lé èyí ni pé ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà púpọ̀ ni ó wà tí gbogbo wọn yẹ fún iṣẹ́ kan náà, tí kò sì sí òṣùwọ̀n kan tí ará ìlú lè fi mọ ìdí tí a fi mú ọ̀kan tí a sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó síbi tí a ti ń yan ni ó mọ̀. Ní káúńtì Baltimore, Agnew ni ẹni náà. Nígbà tí ó di Gómìnà, ó fi Jerome Wolff, tí òun náà jẹ́ ẹnjiníà, ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ọ̀nà Ìpínlẹ̀, ibi tí iṣẹ́ ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé títí dé ibí yìí, kò sí òfin kan tí a rú. Àlàfo náà wà nílẹ̀ kí olè tó dé.

4.0 Ipasẹ̀ owó

Gẹ́gẹ́ bí àlàyé ẹ̀rí tí a tẹ́ sílé-ẹjọ́, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé rọrùn. Wolff a mọ ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́, a sì sọ fún I. H. Hammerman, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Gómìnà. Hammerman a tọ ẹnjiníà náà lọ, a sì kí i kú oríire. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàrin wọn, nítorí pé ẹni tí a kí ti mọ ohun tí ìkíni náà túmọ̀ sí. Owó tí ó bá ti ibẹ̀ jáde, ọ̀nà mẹ́ta ni a ń pín in sí: 50 nínú 100 fún Agnew, 25 fún Wolff, 25 fún Hammerman. A gbọ́ nínú ẹ̀rí náà pé Agnew kọ́kọ́ tako pé kí Wolff ní ìpín rárá, kí ó tó gbà, níwọ̀n ìgbà tí ìdajì tirẹ̀ kò bá ti dín.

Àwọn mìíràn wà tí kì í gba ọ̀dọ̀ alágbàtà kọjá. Lester Matz, ẹnjiníà kan tí ó ti ń bá Agnew bọ̀ láti ìgbà káúńtì, ṣírò ìpín náà sí 5 nínú 100 owó iṣẹ́ tí ó bá gbà. Nígbà tí Agnew ti di Igbákejì Ààrẹ pàápàá, gbèsè iṣẹ́ Maryland kò tíì tán lọ́rùn rẹ̀. Matz ko owó sínú àpòòwé, ó sì gbé e lọ fún un ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Washington.

Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí àwọn tí ń kọ̀wé lórí rẹ̀ kì í sábà dúró lé, tí ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìbàjẹ́ náà ti ń ran ènìyàn. Owó tí ìjọba ń san fún ilé-iṣẹ́, nínú ìwé báńkì ni ó ń wọlé. Ẹ̀gúnjẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí a kà sọ́wọ́, tí kò ní orúkọ. Báwo ni a ó ṣe sọ ọ̀kan di èkejì? Ohun tí Matz ṣe ni pé ó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ kan ní owó ìmóríyá. Òṣìṣẹ́ a gba owó náà, a san owó-orí lórí rẹ̀, a sì kó èyí tí ó kù padà wá fún ọ̀gá rẹ̀. Báyìí ni òṣìṣẹ́ tí kò bá Gómìnà jẹun rí ṣe di ẹni tí ń parọ́ nínú ìwé nítorí Gómìnà. Ẹ̀gúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ láàrin ènìyàn méjì. Ó ń béèrè akọ̀wé tí yóò dákẹ́, àti olùṣírò owó tí yóò wo ibòmíràn.

5.0 Bí àṣírí ṣe tú àti ìdájọ́ tí ó tẹ̀lé e

Agnew kọ́ ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. George Beall, agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ ní Maryland, ń wádìí Dale Anderson, ẹni tí ó gba ipò olórí káúńtì Baltimore lẹ́yìn Agnew. Ṣùgbọ́n bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù a fa igbó. Ìwé owó àwọn ẹnjiníà ni wọ́n yẹ̀ wò, nígbà tí àwọn ẹnjiníà sì rí i pé ẹ̀wọ̀n ń bọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní oṣù Ògọ́sítì 1973 ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sójú ìwé ìròyìn.

Agnew sẹ́. Ó tún sọ pé a kò lè pe Igbákejì Ààrẹ lẹ́jọ́ ọ̀daràn nígbà tí ó bá wà lórí oyè. Robert Bork, agbẹjọ́rò àgbà tí ń ṣojú ìjọba nílé-ẹjọ́, dáhùn pé a lè pè é. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọkitóbà 1973, Agnew fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ó dúró níwájú Adájọ́ Walter Hoffman, ó sì sọ pé òun kò ní jiyàn ẹ̀sùn kan ṣoṣo: pé ó yẹra fún owó-orí lórí 29,500 dọ́là tí ó wọlé fún un ní 1967. Owó ìtanràn 10,000 dọ́là ni wọ́n dá fún un, pẹ̀lú ọdún mẹ́ta ìdúró-dè-ìwà. Kò lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọba gba àdéhùn yìí nítorí pé ọ̀ràn Watergate ti ń mi àga Ààrẹ fúnra rẹ̀. Bí Ààrẹ bá ṣubú, Agnew ni oyè kàn.

Anderson ní tirẹ̀ jẹ̀bi ní 1974, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni Agnew. Ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni Anderson. Àga kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó lé. Èyí fi hàn pé yíyí ẹgbẹ́ padà kò dí àlàfo tí a sọ ní 3.0.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 1974, ilé-ẹjọ́ Maryland gba ìwé àṣẹ agbẹjọ́rò lọ́wọ́ Agnew. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará ìlú tí ń san owó-orí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Washington, pe ẹjọ́ pé kí ó dá owó ìpínlẹ̀ padà. Ní 1981, adájọ́ dá wọn láre. Ní 1983, ó san 268,482 dọ́là sí àpò ìpínlẹ̀ Maryland, owó èrú pẹ̀lú èlé orí rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n ní ibi tí a wà yìí, olóhun fúnra rẹ̀ ni ó lọ wá ọjọ́ náà.

6.0 Àwíjàre: «àṣà ìlú ni»

Agnew kò sọ ní ilé-ẹjọ́ pé òun kò gba owó. Ohun tí ó sọ ni pé òun gbà á lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n rí iṣẹ́ gbà, pé òun mọ̀ pé wọ́n rí iṣẹ́ gbà, ṣùgbọ́n pé owó náà kò yí ìpinnu òun padà, àti pé ọ̀nà tí àwọn olóṣèlú Maryland ti ń gbà kó owó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó yẹ kí a dáhùn èyí, nítorí pé àwíjàre kan náà ni a ń gbọ́ ní èdè tiwa nígbà tí àwọn kan bá ní ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, Yorùbá gbà pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹni tí ó ti jẹ kò lè sọ pé ojú òun ṣì le bí ti àtẹ̀yìnwá. Èkejì, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ibi tí 5 nínú 100 náà ti wá. Bí ilé-iṣẹ́ bá lè fi 95 ṣe iṣẹ́ náà láìsí àbùkù, a jẹ́ pé ìpínlẹ̀ san 5 lásán. Bí kò bá lè fi 95 ṣe é, a jẹ́ pé 5 ti dín nínú wíwọn ilẹ̀, tàbí nínú ojú tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ẹni tí ń da kọnkéré. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ẹ̀kẹta, ẹnjiníà tí ó kọ̀ láti san ń bẹ níbìkan, tí kò ríṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹjọ́ kankan, nítorí pé a kì í kọ orúkọ ẹni tí a kò pè.

Ní ti òwe náà, àwọn tí ń fi í gbèjà olè ti gé e kúrú. Iṣẹ́ ni òwe náà fi ṣáájú, kì í ṣe jíjẹ. Gómìnà ń ṣiṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ sì ni oúnjẹ rẹ̀. Owó ẹnjiníà jẹ́ oúnjẹ ẹnjiníà. Ẹni tí ó bá jẹ lábọ́ méjèèjì kò jẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ níbi iṣẹ́ ẹlòmíràn.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé èrú iṣẹ́ àgbàṣe kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi iye owó tàbí ibi afárá tí ó wó, bí kò ṣe láti ibi tí ẹnì kan ti ń yan láàrin àwọn tí wọ́n dọ́gba láìsí ẹni tí yóò bi í ní ìdí. Lẹ́yìn ẹjọ́ wọ̀nyí, Maryland tún òfin rẹ̀ ṣe lórí bí a ṣe ń yan ẹnjiníà. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba àpapọ̀ fi ìdíje ṣe ìpìlẹ̀, ó sì ka pípín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ láti fi sá fún òǹtẹ̀ àwọn ọ̀gá sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní láti ṣe tirẹ̀ fún ara rẹ̀. Abala 308 Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 kò sì jẹ́ kí a pe gómìnà lẹ́jọ́ nígbà tí ó bá wà lórí oyè, ohun tí Bork kò gbà fún Igbákejì Ààrẹ tirẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ará ìlú máa bi ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ ju «Èló ni ọ̀nà yìí?» lọ. Ó yẹ kí ó tún bèèrè pé: «Àwọn wo ni ó tún wá fún iṣẹ́ yìí, kí ni ẹ sì rí tí ẹ fi mú ẹni tí ẹ mú?» Ìjọba tí ó bá lè kọ ìdáhùn ìbéèrè yìí sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn kà á, ti dí apá tí ó pọ̀ jù nínú àlàfo náà. Èyí tí kò bá lè kọ ọ́, ó yẹ kí a wo ìwé owó rẹ̀.