Ibi Tí Ọ̀dọ́ Ń Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wá

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pe ẹni tí a kọ́ láti máa bá àwọn ọ̀dọ́ rìn lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, kí wọ́n lè mọ ara wọn, kí wọ́n sì mọ bí a ti ń bá ẹlòmíràn gbé. Ohun tó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti olùkọ́ ni pé ọ̀dọ́ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí kíláàbù ọ̀dọ́, òun náà ló sì lè dìde lọ nígbàkigbà, nítorí náà àṣẹ pípa kò lè gbé iṣẹ́ yìí ró, àfi kí àwọn ọmọ náà fọkàn tán an.

Bí wọ́n bá fẹ́ lọ ṣeré létí òkun, fún àpẹẹrẹ, òṣìṣẹ́ náà lè gbé gbogbo ètò kalẹ̀ láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn, yóò kọ iye owó tó wà nílẹ̀ sójú pátákó, yóò sì fi ìṣirò owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lé wọn lọ́wọ́. Láìpẹ́, ohùn á ròkè: ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n ra oúnjẹ lọ́nà, ẹlòmíràn ní kí wọ́n sè é láti ilé kí owó lè tó. Òṣìṣẹ́ náà kò ní dájọ́. Yóò kàn béèrè ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin tó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ á sì wá sọ pé òun kò lè rí owó dá. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń pariwo jù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìṣirò ṣe. Èyí ni ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti kíláàsì, tí ìjíròrò àti ìṣe ń kọ́ ènìyàn.

Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí Countess of Albemarle jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìròyìn jáde lórí iṣẹ́ yìí ní 1960, ìjọba kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàbù, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ ní Leicester. Láti 2010, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti gé owó iṣẹ́ náà kù gan-an, wọ́n sì ti ti ọ̀pọ̀ kíláàbù pa. Àdánù ńlá ni, nítorí bí wọ́n bá tiẹ̀ tún kíláàbù kan ṣí, òṣìṣẹ́ tuntun yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ orúkọ àwọn ọmọ ni, kí wọ́n tó lè fọkàn tán an.

Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, wọ́n fi orúkọ Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 láti Nàìjíríà tí wọ́n pa níbẹ̀ ní 2000, sọ ilé ọ̀dọ́ kan. Ó yẹ kí àwọn òbí tó ń wo irú ilé bẹ́ẹ̀ bí ibi ìfàkókòṣòfò tún un rò, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ ń gbà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ wọn.