Ta Ni Wọ́n Ń Kà Mọ́ Tálákà?

Bí àwọn kan bá gbé ìwé wá sẹ́nu ọ̀nà yín ní Jakande Estate, tí wọ́n ń béèrè ohun tí ẹ jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ má tètè lé wọn. Ibẹ̀ ni ìjọba ti ń mọ iye tálákà tó wà nílùú.

Ọ̀nà méjì ni NBS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, fi ń kà á. Àkọ́kọ́ ni ti owó. Ohun tí ilé jẹ àti ohun tó ná ni wọ́n ń wò. Ẹ̀fọ́ tí o já lẹ́yìnkùlé pàápàá, wọ́n á ṣírò owó rẹ̀. Wọ́n á wá pín gbogbo ẹ̀ kárí àwọn ará ilé. Nínú ìwádìí ọdún 2018 sí 2019, ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó ₦137,430 lọ́dún, tálákà ni. Ìyẹn lé díẹ̀ ní ₦376 lójúmọ́. Nínú èèyàn 100 ní Nàìjíríà, 40 ló bọ́ síbẹ̀. L'Ékòó, wọn ò pé 5. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Èkó tí àwa ń gbé yìí náà ni?

Ọ̀nà kejì ń wo ohun tí kò sí nílé. Ṣé ọmọ ń lọ iléèwé? Ṣé omi tó dáa wà nítòsí? Ṣé igi àbí èédú lẹ fi ń dáná? Ṣé àgbà ilé ríṣẹ́ ṣe? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tiẹ̀. Bí àìní bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin, gbogbo ará ilé náà di tálákà. Ilé tó lé ní 56,000 ni wọ́n yẹ̀ wò láàrin 2021 sí 2022. Mílíọ̀nù 133 èèyàn ni wọ́n bá níbẹ̀, 63 nínú 100. Sókótó 91, Òǹdó 27. Èkó tí kò pé 5 lẹ́ẹ̀kan, ó di 29! Torí èèyàn lè ta tòmátì kó rówó jẹun, kó ṣì máa ra omi ọmọlánke, kó máa fi èédú dáná.

Iye tí wọ́n gbé jáde, ti ìpínlẹ̀ àti ti ẹkùn sẹ́nétọ̀ ni. Kò sí ti Ìlasàn lọ́tọ̀. Àwa àti àwọn ilé ńláńlá Lekki la jọ wà nínú iye kan náà. Ilé díẹ̀ ni wọ́n sì ń yà, ilé kan ń dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Bí ìyá kan bá torí ìtìjú sọ pé omi ń ṣe ṣàà nílé òun, irọ́ yẹn ni wọ́n á kọ fún gbogbo wọn.

Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi káàdì iṣẹ́ wọn hàn yín o, kí ẹ tó dáhùn.