Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń mú rédíò dùn?

Orin nìkan kọ́. Orin kún inú fóònù wa báyìí. Àmọ́ orin inú fóònù kò ní sọ fún ará Òṣogbo pé ọkọ̀ ti dí Òkè-Fíà pa láàárọ̀ yìí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló ń fi ìyẹn há àárín orin kan sí èkejì, pẹ̀lú ìròyìn àti ẹ̀fẹ̀.

Ẹ rántí olóògbé Gbénga Adébóyè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ọmọ Òde-Òmù. Orin, àwàdà, òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹnu kan náà ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Ó kú ní 2003, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sín in jẹ lórí afẹ́fẹ́.

Ní ti ilé iṣẹ́ rédíò fúnra rẹ̀, òfin ọdún 1992 ló ṣílẹ̀kùn fún ti aládàáni ní Nàìjíríà. Lónìí, OSBC tìjọba ìpínlẹ̀ àti Rave FM aládàáni wà l'Óṣogbo; Gold FM tìjọba àpapọ̀ wà n'Íléṣà. Ilé iṣẹ́ rédíò kò wọ́n wa. Ẹni tó mọ ìlú dunjú ló wọ́n, ẹni tó lè fi ìnagijẹ "Òṣómàáló" dá Ìjẹ̀ṣà lápàárá tí wọn ò ní bínú.

Ètò àtijọ́ wo lẹ fẹ́ kí wọ́n dá padà? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa.