Oúnjẹ Gidi Lówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Ilé Ìdáná Rẹ́mọ Lè Kọ́ Wa

Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀rẹ́ náà ti di ọ̀wọ́n. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìjọba fọwọ́ sí 70,000 náírà gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, díẹ̀ ni ohun tí yóò kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fi lé ní 2,300 náírà, owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Nínú irú ipò yìí, bí ẹnìkan bá dìde tí ó ní kí òbí máa fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ aṣaralóore, ó dà bí ẹni pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé èso ápù, òróró ólífì àti wàrà olówó gọbọi ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí mo ti ń ná ọjà ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, tí mo sì ń jókòó ti àwọn ìyá àgbà nídìí ààrò, ohun mìíràn ni mo rí. Oúnjẹ náà wà nílẹ̀. A mọ orúkọ rẹ̀, a sì mọ bí a ti ń sè é. Ohun tí ó wọ́n ni àkókò tí a ó fi sè é, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà gbà lónìí.

Ọwọ́ ni ó ṣe é, kì í ṣe ilé-iṣẹ́

Bí àwọn onímọ̀ ìlera bá ní kí a dín oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ti yí padà kù, wọn kò ní kí a máa jẹ nǹkan ní tútù. Ẹ wo gbágùúdá. Májèlé wà nínú rẹ̀ bí a kò bá ṣe é bó ti yẹ. Bíbó, rírin, fífi sílẹ̀ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ dànù àti yíyan nínú agbada ni ó ń lé májèlé náà lọ. Gàárì Ìjẹ̀bú kan ju ti ibòmíràn lọ nítorí pé wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó yan án. Irú náà kò yàtọ̀: a ó sè é, a ó bó èèpo rẹ̀, a ó tún un sè, a ó sì bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi ta.

Ẹ fi èyí wé hóró máàgì, tí ó jẹ́ pé iyọ̀ ni ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan. Ẹni tí ó bá da hóró máàgì mẹ́ta sínú ìkòkò tí ó tún bu iyọ̀ lé e ti ka iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí irú bá pọ̀ díẹ̀ nínú ọbẹ̀, a ó lè dín máàgì kù, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé ọbẹ̀ náà tẹ́.

Ewùrà, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́

Àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ewùrà nítorí pé kò ṣeé gún bí iṣu gidi, ìdí sì nìyẹn tí owó rẹ̀ fi sábà máa ń fúyẹ́ ju ti iṣu lọ. Ṣùgbọ́n òun ni àwa ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú fi ń se ìkọ́kọrẹ́. A ó rin ewùrà, a ó gbé ata, epo pupa, irú àti ẹja yíyan kaná, a ó sì máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sínú omi ọbẹ̀ tí ń hó. A kò ní rò ó títí yóò fi le díẹ̀. Ìkòkò kan ni, iná kan ni, ẹja díẹ̀ sì tó fún gbogbo ilé. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú ewùrà rírin, a lè pò ó mọ́ ata àti àlùbọ́sà kí a fi dín òjòjò.

Ẹ̀wà ni ẹran mẹ̀kúnnù. Bí a bá sè é pọ̀ mọ́ àgbàdo, tí ó di àdàlú, èyí tí ẹ̀wà kò ní nínú ohun tí ń mú ara dàgbà, àgbàdo yóò fi kún un. Ní ti ẹ̀fọ́, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewúro kò béèrè ilẹ̀ púpọ̀; àpò sìmẹ́ǹtì tí a ti fọ̀, tí a kún fún ilẹ̀ dúdú, tó láti gbìn wọ́n lẹ́yìnkùlé. Epo pupa pẹ̀lú ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A, ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ ọ títí tí ó fi funfun, èròjà náà ti bá èéfín lọ.

N kò ní purọ́ fún yín nípa ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ owó pọ́ọ́kú mọ́. Kí a fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ọdún.

Iye tí kì í hàn lórí ìwé ọjà

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tí ó ń ta ata ní Ṣàgámù fi ọ̀rọ̀ kan dá mi dúró. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ ìkọ́kọrẹ́ sè dáadáa. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń délé. Ta ni yóò wá rin ewùrà?" Lójú tirẹ̀, núdù inú ọ̀rá, tí gbogbo wa ń pè ní Indomie yálà òun ni tàbí òun kọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń jinná, gáàsì kì í sì í jó lọ púpọ̀.

Òótọ́ ni obìnrin yìí sọ. Nígbà tí a bá ń yin oúnjẹ àtijọ́, a máa ń gbàgbé pé àwọn ìyá wa kò dá nìkan sè é. Ọmọ ń ṣa ẹ̀fọ́, ìyàwó kékeré ń lọ ata, ìyá ọkọ ń wo iná. Lónìí, gbogbo iṣẹ́ náà ti já lé ẹnìkan lórí, ẹni náà sì tún ń wá owó. Ilé tí bàálé kò ti lè bó ewùrà, tí ọmọkùnrin kò ti lè ṣa ẹ̀wà, yóò máa ra oúnjẹ inú ọ̀rá, kò sì yẹ kí a di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá.

Ìkẹ́nnẹ́ ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Ní ọdún 1956, Táí Ṣólàrín àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ oko wà lára ẹ̀kọ́, tọkùnrin tobìnrin ni ó sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Bí ọmọ ilé-ìwé bá lè ro oko, ọmọ ilé lè rin ewùrà.

Bí a ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù; yóò yá jinná, gáàsì yóò sì pẹ́. Ní ọ̀sán Sátidé, kí gbogbo ilé pé jọ: ẹnìkan ń bó ewùrà, ẹnìkan ń rin ín, ẹnìkan ń ṣa ẹ̀fọ́. Ẹ se ọbẹ̀ ata ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa gbé e kaná láràárọ̀ àti lálẹ́ bí kò bá sí iná mànàmáná.

Kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá àjọ, kí wọ́n ra àpò ẹ̀wà kan ní ìparí ọdún nígbà tí tuntun bá ń ti òkè Ọya bọ̀, kí wọ́n sì pín in ní kóńgò kóńgò. Bí ó bá gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, a kò sì ní nílò oògùn kòkòrò.

Ẹ má ṣe kéde fún àwọn ọmọ pé Indomie ti di èèwọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹyin sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọjọ́ kan tí bàálé yóò dáná. Bí ilé yín bá gbà fún ọjọ́ kan yẹn, mo lérò pé ewùrà yóò rí ẹni tí yóò rin ín.