Mọ́tò Dísù Àtijọ́ Láàárọ̀ Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá mú ní Odò-Ẹrẹ̀, nílẹ̀ Yàgbà, débi tí ètè ń là, ẹ óò gbọ́ ọ ní ìdájí: Mercedes àtijọ́ kan tó ń jẹ dísù á máa ké wùrù-wùrù, kò sì ní gbéra. Aládùúgbò á ní òtútù ti mú dísù inú táǹkì. Irọ́ ni. Ní Kánádà ni òtútù ti ń mú kí dísù dì bí òrí, níbi tí omi ti ń di yìnyín. Òtútù ilẹ̀ Yàgbà kò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ta iná sí epo. Ti dísù kò ní. Afẹ́fẹ́ ni písítìn ń fún mọ́ra, títí yóò fi kù bí ìdá kan nínú ogún àyè tó gbà tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á gbóná kọjá 500°C. Bí nọ́súlù bá fín dísù sí i, ó gbiná fúnra rẹ̀. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí yọrí ní 1897.

Láàárọ̀ ọyẹ́, irin tútù ń gba ooru lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì ti ki, agbára bátìrì ti dín, ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń jò gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìn tó ti jẹ. Mọ́tò tuntun á fara dà á. Ti àgbàlagbà mọ́tò ni àṣírí ń tú.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ki hítà pọ́lọ́ọ̀gì sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná bátìrì ń mú pọ́n. (Lọ́rí Mercedes 911 tó ń kó iṣu kì í sábà ní in: orí písítìn tààrà ni dísù rẹ̀ ń bọ́ sí, ooru rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò.) Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, iná kékeré á tàn níwájú awakọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kú kí ẹ tó yí i parí. Nínú àwọn tó ti pẹ́ gan-an, ó lè tó ìṣẹ́jú kan. Ìkánjú níbí ló ń pa bátìrì.

Bó bá ń yí tí kò dáhùn, ẹ wo ẹnu sáláńsà. Èéfín funfun túmọ̀ sí pé dísù ń dé, kò kàn rí ooru jó ni. Ẹ jẹ́ kí rewáyà tú hítà pọ́lọ́ọ̀gì, kó fi wáyà bátìrì kàn án: èyí tó bá yè, orí rẹ̀ á pọ́n. Bí kò bá sí èéfín rárá, dísù ni kò dé; ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ ti wọ ọ̀nà epo. Ẹ fi pọ́ńpù ọwọ́ lé e jáde.

Àwọn kan a máa rin àkísà sínú bẹntiróòlù, wọn a fi sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ni wọn ò ṣe jáwọ́. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù lè gbiná kí písítìn tó dé òkè, kó fọ́ ríìngì; bí hítà pọ́lọ́ọ̀gì bá sì ń pọ́n lọ́wọ́, iná lè bẹ́ síni lójú.

Owó hítà pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin kò tó owó títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ọyẹ́ tó dé.